Ohun Tó Há Sí Eyín Rẹ̀

Ọjọ́ tí kùrukùru bo òkè Èfọ̀n mọ́lẹ̀,
tí a kò rí òrùlé ará ilé kejì,
lobìnrin kan gbé e wọlé, ó fi ìró wé e bí ọmọ tuntun.
“Ulé yèyé mi ló ti wá,” ó ní.
Ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn, ahọ́n rẹ̀ ṣì ń pe ulé.

Mo ní, ẹ rọra. Irin yìí wúwo tó ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta.
Mo tú ìró. Olórí dúdú ni.
Ìpẹtà ti jẹ ọrùn rẹ̀,
ikán ti sọ pátákó ìdí rẹ̀ di ìyẹ̀fun,
wúrà tí wọ́n fi kọ orúkọ sí i lára ti ṣí,
ó ku “S” kan tó wọ́ bí ejò tébi ń pa.

“Síńgà ni,” ó wí.
N ò fèsì. Gbogbo olórí dúdú ni Síńgà lẹ́nu ọmọ olókùú.
Ọ̀gá mi Fámúyìdé, tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Arámọkọ,
a máa ní, orúkọ tí wọ́n kùn síta lè purọ́;
nọ́ńbà ni ilà ojú irin, òun ni kóo kà.

Mo da kẹrosíìnì sí àkísà, mo fi nù ún, mo tún nù ún.
Lẹ́tà kan yọjú. Nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé e.
Mo fa ọkọ̀ òwú rẹ̀ jáde: ó gùn, ó ṣẹnu ṣóńṣó
bí ọkọ̀ ojú omi, kò rí róbótó bíi tàwọn tó wá lẹ́yìn.
Ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n.
Ó jù mí lọ. Ó ju bàbá tó bí mi lọ.

“Ọdún wo ni?” Ojú ń kán an.
Ọ̀gbẹ́ni kan ń dúró ní Èkó
tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí pálọ̀, kó gbé fìtílà lé e lórí.
Iye tó dá lé e, ká má purọ́,
ó ju ohun tí mò ń rí lóṣù mẹ́ta lọ.

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹjọ.
Wíìlì kò yí. Mo ro epo sí gbogbo ihò,
mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Kò yí.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́.
Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tí mo ti ń jẹyán,
ìgúnpá mi ló ṣèèṣì tì í: ó ní kẹ́ú, ó yí.

Mo wá tú awo abẹ́ abẹ́rẹ́.
Ẹ̀yin tẹ́ ò ránṣọ rí, ẹ gbọ́:
gbogbo aṣọ tó bá kọjá níbẹ̀ ló ń san owó oníbodè,
fọ́nrán díẹ̀, eruku díẹ̀, sáàárín eyín.
Ó ti dì gbagidi. Mo ń fi abẹ́rẹ́ ṣí i ní ìpele-ìpele.
Lókè, dúdú. Ta ló kú?
Lábẹ́ rẹ̀, kakí, kakí, kakí, gbogbo ọmọ iléèwé ìlú.
Lẹ́yìn náà funfun, tín-ín-rín, bí aṣọ ìsàmì.
Nísàlẹ̀ pátápátá, òwú pupa
àti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan tó kán.

Ó dé. Mo gbé ṣóńṣó náà lé e lọ́wọ́.
Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló gún.
“Ọdún Kérésì ku ọ̀la. Èmi ni mò ń yí wíìlì fún un.
Mo yára jù. Ó wọ̀ ọ́ níka. Kò pariwo.
Ó fẹnu lá ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní, Ìbíyẹmí, máa yí i.”
“Aṣọ pupa ni?”
“Aṣọ tèmi.”

Mo kọ ọdún náà sí bébà. Ó ká a láìwò ó.
N ò mọ̀ bóyá ó padà tà á.
Ohun tó bẹ̀ mí ni pé kí n dá ìdọ̀tí náà padà
síbi tí mo ti yọ ọ́, ní ìpele-ìpele.
Mo dá a padà.
Bí Ọ̀gá Fámúyìdé bá wà láyé, yóò gbá mi létí.